Owó Oorun

Ìpá ló gbé bàbá mi débẹ̀, ìpá ọlọ́dún mẹ́tàlá
tó ń fi ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ bò mọ́lẹ̀,
tó ń pè ní "àlejò mi."
Lọ́jọ́ tí àlejò kọ̀ tí kò padà sínú yàrá mọ́,
a gbé e ní Ìsọ̀kùn, a gba Ẹ̀rẹ̀jà kọjá,
apá rẹ̀ lọ́rùn mi, káàdì ìdójútòfò ìlera lọ́wọ́ mi kejì,
àwòrán orí rẹ̀ ń wò wá bí ẹni tí a jẹ lówó.

"Káàdì yín gba ọ̀bẹ," Fadérẹra akọ̀wé ló wí lójú wíńdò.
"Ó gba bẹ́ẹ̀dì, ó gba okùn tí wọ́n fi ń rán awọ.
Abẹ́rẹ́ oorun ni mi ò tíì rí nínú ìwé.
Ẹ dúró de nọ́ńbà àṣẹ láti Ìbàdàn."

Abẹ́rẹ́ oorun!
Mo ka ìwé náà síwájú, mo kà á sẹ́yìn,
lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí.
"Ìtọ́jú tó bá yẹ," ni wọ́n kọ.
Ta ni yóò wá sọ èyí tó yẹ?
Ta ló ń ta àgádágodo tó ń ta kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀?

Bàbá mi, Jeremáyà Fàmúrewá, wà lórí bẹ́ńṣì, ó ń gbọ́.
Òsómàáló ni nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì le.
Ó ru aṣọ dé Ìgbómìnà, ó rù ú dé Àkókó,
ó tà á láwìn, ó sì padà wá lóṣòó
sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ó sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó,
lórí àpò, nínú òtútù, ẹ̀fọn ń bá a ṣírò.
"N kò san kọ́bọ̀ lórí oorun rí," ló wí.
"Ohun tí mo ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti kékeré,
àgbà dé, wọ́n ní kí n wá rà á."

Ó bá sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì,
ó fi ọwọ́ kan di àlejò rẹ̀ mú,
ó lóṣòó síwájú wíńdò.
"Ọmọ mi, iṣẹ́ mi àtijọ́ nìyí. N ó wà níbí títí àṣẹ yóò fi dé."
Aago mẹ́wàá. Aago méjìlá.
Fadérẹra ń pe Ìbàdàn, fóònù ń kọrin, kò sẹ́ni tó gbé e.
Ìyá kan tó gbé ọmọ oníkọ́ dání fi ìjókòó tirẹ̀ lọ̀ ọ́.
Ó kọ̀.

Aago méjì ku díẹ̀ ni nọ́ńbà wọlé.
Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni kọ orúkọ ọmọ tuntun.
Oorun wà nínú rẹ̀. Ó ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀,
abẹ́ "iṣẹ́ abẹ" ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, bí ẹní abẹ́ ibùsùn.
Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ló kù fún wa.

Dókítà Ìbíyẹmí, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kun ni lóorun kó sì dá ni padà,
fi ìka wá ọ̀nà lẹ́gùngùn ẹ̀yìn bàbá.
"Láti ìdodo lọ sísàlẹ̀ ni yóò sùn, bàbá. Òkè á máa wò."
"Ààbọ̀ oorun?" ni bàbá mi wí. "Ẹ jẹ́ ká san ààbọ̀ owó."
Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.
Ọkùnrin ará Ìbòkun kan wà lẹ́yìn wa látàárọ̀,
apá rẹ̀ kán, kò ní káàdì,
ó ń ka náírà sínú fìlà, ó ń dá a dà, ó ń tún un kà.
Nígbà tí mo máa jáde, ibi tó jókòó sí ti tutù.

Nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ bàbá kò tíì jí.
Ó ń gbá itan rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn onígbèsè:
"Dìde. Wọ́n ti san ẹ́."
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí:
"Onífìlà yẹn ńkọ́?
Ta ló bá a lóṣòó?"